Orí Keje: Ìbéèrè Lọjà

Ìpolówó olówó pọ́ọ́kú fún ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, láti ojú àwọn ará Kòsọ́fẹ́

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àjọ JAMB gbà ní gbangba pé àṣìṣe wọ inú èsì UTME, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ti ọdún náà. Ibùdó ìdánwò 157 lọ̀rọ̀ náà kàn, 65 nínú wọn ní agbègbè Èkó, 92 ní ìhà Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni wọ́n ní kó wá tún ìdánwò ṣe. Nínú irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ Kétu tó yan iṣẹ́ dókítà kò ní ìbéèrè púpọ̀. Ẹyọ kan ló ní: ṣé ilé-ẹ̀kọ́ tí mo yàn máa dúró de èsì tuntun yìí kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò tiwọn? Ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Ọ́fíìsì kan ṣoṣo ni ìdáhùn rẹ̀ wà, lọ́dọ̀ akọ̀wé àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé àgbà kò bá kọ ọ́ sí ojú-ewé kankan, Google kò ní í fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ohun tí ẹlòmíràn kọ ni yóò gbé wá: àbá, àgbọ́sọ, tàbí nọ́ńbà WhatsApp ejẹ́ǹtì tó ní òun mọ ẹnì kan nínú.

Àyè òfìfo yẹn ni orí yìí dá lé. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìpolówó níbí, ẹ gbàgbé pátákó ńlá ẹ̀gbẹ́ afárá Ọjọ́ta àti orin inú rédíò. Kíkọ ìdáhùn tó pé, tó sì jẹ́ òtítọ́, sí ibi tí ẹni tó ń wá a yóò ti rí i, ni ìpolówó tí a ní lọ́kàn. Owó tó ń ná kéré, àmọ́ ó ń ná nǹkan. Orúkọ Kòsọ́fẹ́ gan-an, ìjọba ìbílẹ̀ tí Kétu wà ní Èkó, dún létí bí ìkìlọ̀: kò sí ọ̀fẹ́.

Èrò ti pọ̀ jù lẹ́nu ọ̀nà

Ẹni tó bá ti polówó ọṣẹ rí yóò béèrè ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń wá nídìí ìpolówó. Ìbéèrè gidi ni. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó wà ní Ìdí-Àràbà láti 1962. Ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU), tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999, wà ní Ìkẹjà, kò sì jìnnà sí Kétu bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá gbà. Ní méjèèjì, àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn pọ̀ ju àga tó wà nínú ilé lọ fíìfíì. Àga náà kò sì lè pọ̀ sí i nítorí pé a polówó, torí MDCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà àti ti oníṣègùn eyín, ló ń sọ iye ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà lọ́dún. Bí a bá polówó títí tí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fi dé, iye kan náà ni a óò gbà.

Iṣẹ́ ìpolówó yí padà nítorí èyí. Ó di ọ̀nà láti pe ẹni tó yẹ, kí a sì dá ẹni tí kò tíì yẹ padà kó tó náwó. Ọmọ tí kò ní Physics nínú WAEC, tí bàbá rẹ̀ ń sáré owó fọ́ọ̀mù kiri, ojú-ewé kan tó là á yé e ní oṣù Kìíní ti ṣe é lóore ju lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ oṣù Kẹwàá lọ. Akọ̀wé tí ì bá ti dá a lóhùn lórí fóònù náà sinmi.

Ó tún di ọ̀nà láti dáàbò bo orúkọ ilé. Láti 2017 ni JAMB ti gbé ìgbaniwọlé sí orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní CAPS. Ìgbaniwọlé tí kò bá sí lórí CAPS, ayédèrú ni. Gbólóhùn kan ṣoṣo nìyẹn, ó sì yẹ kí gbogbo ìyá tó ní ọmọ ní SS3 mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kì í kọ ọ́ síta ní èdè tó rọrùn, wọ́n rò pé gbogbo èèyàn ti mọ̀. Oníjìbìtì ò rò bẹ́ẹ̀. Ó ń kọ̀wé lójoojúmọ́, ó ń dáhùn WhatsApp láàárín òru, lẹ́tà ìgbaniwọlé ayédèrú rẹ̀ sì máa ń rẹwà ju ojúlówó lọ.

Ti àwọn yunifásítì aládàáni yàtọ̀ díẹ̀. Babcock ní Ìlíṣàn Rẹ́mọ, Afẹ́ Babalọlá ní Adó-Èkìtì, Bowen ní Ìwó: níbẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí òbí ń tẹ̀ ni "èló ni?" Èrò tèmi ni pé ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fi iye owó pamọ́, tó ní kí òbí "pè wá fún ẹ̀kúnrẹ́rẹ́", ti lé òbí náà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí yóò sọ iye kan fún un, ìbáà jẹ́ irọ́.

Ata tí Mile 12 mọ̀

Lọ sí ọjà Mile 12 ní ìdájí, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń já tòmátì àti àlùbọ́sà tó ti òkè Ọya wá. Rodo ní orúkọ, tàtàṣé ní orúkọ, ṣọ̀ǹbọ̀ ní orúkọ. Oníṣòwò tó bá gbé pátákó tí wọ́n kọ Capsicum sí síwájú apẹ̀rẹ̀ rodo kò purọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ata rẹ̀ yóò rà sí. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń ṣe. Wọ́n á kọ "Bachelor of Medicine, Bachelor of Surgery" gàdàgbà sókè ojú-ewé, wọ́n á kọ "Modalities for Admission" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tó jókòó ní òpópónà Demurin ń tẹ "medicine cut off mark". Ìyá rẹ̀ tó ń ta ọsàn ń tẹ "odun melo ni won fi n ko ise dokita", láìsí àmì ohùn kankan, nítorí pé bọ́tìnnì fóònù rẹ̀ kò ní in, tàbí pé kò ráyè.

Ohun tí èèyàn tẹ̀ sínú àpótí Google ni a ó máa pè ní ọ̀rọ̀ ìwákiri. Àwọn iléeṣẹ́ kan ń ta irinṣẹ́ tó ń kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, ní dọ́là, lóṣooṣù. Ilé-ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan kò nílò rẹ̀. Ẹ fún akọ̀wé tó ń gbé fóònù ní ìwé àkọsílẹ̀ kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó máa kọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu olùbéèrè, láìtún un ṣe. Kò sí irinṣẹ́ olówó gọbọi tó dára tó ìwé yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ìdajì gbólóhùn sínú Google, kí ẹ wo bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń parí rẹ̀, torí inú ohun tí àwọn èèyàn ti ń wá ló ti ń mú un. Google Trends, tó ti wà láti 2006 tí kò sì gba kọ́bọ̀, yóò fi hàn yín ìgbà wo nínú ọdún ni ìbéèrè kan ń ru sókè. Ẹ má sì fojú fo àwọn ọmọkùnrin bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tí wọ́n ń bá èèyàn forúkọ sílẹ̀ fún JAMB ní Kétu àti Ìkòsí. Wọ́n ti gbọ́ ìbéèrè tí akọ̀wé yunifásítì kò tíì gbọ́ rí, irú bíi ti nọ́ọ̀sì tó ti ń ṣiṣẹ́, tó ń bi ara rẹ̀ bóyá ó ti pẹ́ jù láti lọ kọ́ṣẹ́ dókítà.

Ọ̀rọ̀ gígùn sàn ju kúkúrú lọ fún ẹni tí agbára rẹ̀ kéré. Gbogbo ayé ló ń jà lórí "medicine". "Direct entry nọ́ọ̀sì sí iṣẹ́ dókítà ní Èkó" kò ní olùjà púpọ̀. Àwọn aláta mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó béèrè pé "ẹ ní ata?" lè jẹ́ pé ó kàn ń kọjá lọ, ẹni tó béèrè pé "èló ni apẹ̀rẹ̀ rodo kan tí kò tíì rọ̀?" ti mú owó lọ́wọ́.

Bí Google ṣe ń kàwé

Larry Page àti Sergey Brin, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Stanford, dá iléeṣẹ́ Google sílẹ̀ ní 1998. Ohun tí wọ́n fi yọrí ni pé wọ́n ka líǹkì sí ẹ̀rí: bí ojú-ewé tó níyì bá nawọ́ sí tìrẹ, ó jẹ́rìí rẹ lójú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ti dára pọ̀ mọ́ ọn láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ kò yẹ̀. Ẹ̀rọ ń rìn láti líǹkì dé líǹkì, ó ń ka ohun tó bá pàdé, ó ń tò ó sínú atọ́ka. Bí èèyàn bá béèrè, ó lọ sínú atọ́ka náà, ó mú èyí tó rò pé ó dáhùn jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń kọsẹ̀ ni fíláyà. Wọ́n á kó ọjọ́ ìdánwò, iye owó àti ohun tí a béèrè fún sínú àwòrán aláwọ̀ mẹ́ta, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ status WhatsApp. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún, ó ti lọ. Àwọn mìíràn á tẹ̀wé, wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á lu òǹtẹ̀, wọ́n á wá yà á ní fọ́tò gbé sórí ìkànnì gẹ́gẹ́ bíi PDF. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú fọ́tò ṣòro fún ẹ̀rọ láti kà, ó tún ń jẹ dátà ẹni tó ṣí i nínú ọkọ̀ BRT. Láti 2016 ni Google sì ti kéde pé bí ìkànnì ṣe rí lórí fóònù ni òun yóò máa kọ́kọ́ wò. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ní ọ̀rọ̀. Ojú-ewé kan fún ìbéèrè kan. Kí ìbéèrè náà gan-an jẹ́ àkọlé, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ sì jẹ́ ìdáhùn. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

"Ọdún mélòó ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà? Ọdún mẹ́fà ni fún ẹni tó gba UTME wọlé. Ẹni tó gba Direct Entry wọ ìpele kejì yóò lo ọdún márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ọdún kan ti housemanship ní ilé-ìwòsàn tí MDCN fọwọ́ sí, kó tó kan ọdún kan ti NYSC. Nínú UTME, Use of English, Biology, Physics àti Chemistry ni ọmọ yóò ṣe. Nínú WAEC, yóò ní kírẹ́díìtì nínú English, Mathematics, Biology, Physics àti Chemistry. Ìgbaniwọlé wa kò gba ọwọ́ ejẹ́ǹtì kankan. Orí CAPS nìkan ni ẹ ti lè rí i."

Ìpínrọ̀ náà kò yin ara rẹ̀. Kò sí "ilé-ẹ̀kọ́ wa tó gbayì káàkiri àgbáyé" níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń tẹ ìyẹn sínú Google. Gbólóhùn ìkẹyìn rẹ̀ yóò di líǹkì sí ojú-ewé CAPS, ti CAPS yóò sì ní líǹkì padà síbí. Nísàlẹ̀, ẹ kọ orúkọ ọ́fíìsì tó dáhùn àti ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Bí ọdún bá yí, inú àdírẹ́sì kan náà ni kí ẹ ti tún un ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ṣí ojú-ewé tuntun lọ́dọọdún, tó ń pa ti àná rẹ́, ń da gbogbo líǹkì tó ti rí gbà nù, bí ẹni tó ń kó ṣọ́ọ̀bù kúrò lójúde nígbà tí oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rí látọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ rírà. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lè fi líǹkì yín sórí ìkànnì tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-ẹ̀kọ́ gírámà tí dókítà yín lọ bá sọ̀rọ̀, àti ẹgbẹ́ àwọn tó ti kàwé jáde, tí apá kan wọn wà ní London àti Houston. Ní ti máàpù, Google Business Profile kò gba owó. Ẹ ya ti kọ́lẹ́ẹ̀jì sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé-ìwòsàn. Ẹ rántí orúkọ àtijọ́ pẹ̀lú. Ilé-ìwòsàn tí a ń pè ní LASUTH lónìí, General Hospital Ìkẹjà ni títí di 2001, àgbàlagbà kan ní Alápẹ́rẹ́ sì lè máa wá a pẹ̀lú orúkọ tó mọ̀.

Nígbà tí onígbáméjì dé

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àrùn onígbáméjì ti bẹ́ sílẹ̀. Kòsọ́fẹ́ wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n dárúkọ. Kò ya ẹni tó mọ ilẹ̀ ibẹ̀ lẹ́nu. Àgbóyì, Ajégúnlẹ̀ àti àwọn àdúgbò mìíràn tó tẹ̀ lé odò Ògùn máa ń kún nígbà òjò, pàápàá bí wọ́n bá ṣí omi ìdídò Ọ̀yán, omi kànga àti omi ṣáláńgá á sì pàdé. Bí ìbẹ̀rù bá dé, ọwọ́ á lọ sí fóònù.

Ta ló ní ìdáhùn tó dá a ṣáká ní èdè Yorùbá? Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ dókítà ni, torí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń gba owó oṣù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wákàtí méjì ni olùkọ́ ìlera àwùjọ kan nílò láti kọ bí onígbáméjì ṣe ń mú èèyàn, ohun tí omi iyọ̀ àti ṣúgà (ORS) ń ṣe, àti ìgbà tí ó yẹ kí a gbé aláìsàn dìgbàdìgbà lọ sí ilé-ìwòsàn. Ṣùgbọ́n kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ó kọ ọ́. Ojú-ewé tuntun máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn oṣù, kó tó rí àyè lókè. Èyí tí a kọ lọ́jọ́ tí àrùn dé, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Èdè Yorùbá ní ọrọ̀ níbí tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì fọwọ́ kàn. Èèyàn kì í fi "sickle cell" nìkan wá nǹkan. Àwọn kan ń tẹ fòníkú-fọ̀ladìde. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, jẹ̀díjẹ̀dí: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè jẹ́ àkọlé ojú-ewé. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn nínú àkọlé àti nínú ọ̀rọ̀ gan-an, torí ilé-ẹ̀kọ́ ni yín, ẹ kò gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ ní ìkọkúkọ. Nínú àdírẹ́sì ojú-ewé nìkan ni kí ẹ ti yọ ọ́, kó jẹ́ "onigbameji" lásán. Bí ẹ bá fi àmì síbẹ̀, nígbà tí èèyàn bá dà á kọ sórí WhatsApp, ó lè di ìdarúdàpọ̀ nọ́ńbà àti àmì ìdá-ọgọ́rùn-ún tí ojú kò lè kà.

Ọ̀rọ̀ ìlera kò rí bí ọ̀rọ̀ bàtà lójú Google. Ó kà á mọ́ ohun tó lè ba ayé tàbí owó èèyàn jẹ́, nínú ìlànà tó fún àwọn tó ń bá a ṣàyẹ̀wò ojú-ewé ló sì ti ń béèrè ẹni tó kọ ọ́, ohun tó mọ̀, àti bóyá a lè gbà á gbọ́. Ní oṣù Kejìlá 2022, ó fi ìrírí kún un: ṣé òǹkọ̀wé ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń sọ? Ibí ni ilé-ẹ̀kọ́ tálákà ti lágbára ju iléeṣẹ́ ìpolówó olówó lọ. Orúkọ dókítà, oyè rẹ̀ àti ẹ̀ka tó ti ń ṣiṣẹ́ ti tó. Ṣùgbọ́n kó má kọjá ibẹ̀. Òfin ìwà ọmọlúàbí tí MDCN fi de àwọn dókítà kò gbà kí wọ́n máa polówó ara wọn láti fa aláìsàn. "Onímọ̀ tí kò lẹ́gbẹ́, ẹ wá rí i" lè kó dókítà náà sí wàhálà. Àwòrán aláìsàn pẹ̀lú, ẹ fi sílẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí ohun ẹlẹgẹ́, ìyàwó ilé tó ń rẹ́rìn-ín ní wọ́ọ̀dù kò sì mọ̀ pé ojú òun máa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún mẹ́wàá sí i.

Láti 2024, Google ti ń fi ẹ̀rọ ọlọ́pọlọ kọ ìdáhùn tirẹ̀ sókè kó tó gbé líǹkì jáde. Àwọn kan ní iṣẹ́ wa ti parí nìyẹn. Lóòótọ́ ni àwọn tó ń tẹ líǹkì lè dín kù. Ẹ̀rọ náà ṣì ní láti rí ọ̀rọ̀ kà níbì kan, bí tiyín kò bá sì sí níbẹ̀, ti ejẹ́ǹtì ni yóò kà.

Owó àti wíwọ̀n

Ìnáwó rẹ̀ kò gùn. Àdírẹ́sì .edu.ng, tó wà lábẹ́ àjọ NiRA, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba mọ̀ nìkan ló lè gbà á, èyí sì jẹ́ ẹ̀rí ọ̀fẹ́ lójú òbí. Ó ku ibi tí ìkànnì ń gbé, dátà, ìdajì ọjọ́ akọ̀wé kan lọ́sẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó mọ̀wé kọ, àti olùkọ́ kan tó gbọ́dọ̀ ka gbogbo rẹ̀ kó tó jáde. Ti olùkọ́ yìí ló ṣòro jù, torí kò sẹ́ni tó ń fi í gba ìgbéga.

Google Search Console yóò sọ ohun tí èèyàn tẹ̀ kó tó rí yín, ìgbà mélòó ni ojú-ewé yín hàn, àti iye ẹni tó ṣí i. Ká ní ojú-ewé "Modalities for Admission" hàn ní ìgbà 4,000 lóṣù kan, èèyàn 40 sì ṣí i. Ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. A yí àkọlé rẹ̀ padà sí "Máàkì mélòó ni ọmọ nílò láti wọ Medicine?", a kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó hàn ní ìgbà 4,200, èèyàn 126 ṣí i: mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Àpẹẹrẹ lásán ni, ṣùgbọ́n irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe kí ẹ tó kọ ojú-ewé tuntun. Ìwọ̀n kejì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ akọ̀wé. Bí ìpè tó ń béèrè nípa CAPS bá jẹ́ ogún lọ́sẹ̀ nígbà kan, tó wá di mẹ́fà, ẹ ti rí ibi tí mẹ́rìnlá yòókù lọ.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Jókòó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Kétu, Ìkòsí tàbí Mile 12 fún wákàtí méjì, pẹ̀lú àṣẹ oníṣẹ́. Kọ ìbéèrè mẹ́wàá tí o gbọ́ nípa iṣẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì sílẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

2. Tẹ mẹ́ta nínú wọn sínú Google. Ta ló dáhùn? Ewo nínú àwọn ìdáhùn náà ló wá láti ọ̀dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀?

3. Mú fíláyà ìgbaniwọlé kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp. Tú u sí ojú-ewé mélòó tó bá yẹ, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dáhùn ìbéèrè kan. Àwọn ọ̀rọ̀ wo lo jù nù?

4. Padà sí oṣù Karùn-ún 2025. Ìwọ ni akọ̀wé kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn kan ní Èkó. Àwọn ọmọ ń béèrè bóyá ẹ máa dúró de èsì tuntun JAMB, ìgbìmọ̀ kò sì tíì pinnu. Kọ ojú-ewé náà ní ọ̀rọ̀ 120, kí o sì fi ọjọ́ sí i.